Ọmọ Mélòó Ni Ìjọba Ṣáínà Ń Fẹ́?

Lọ́dún 2016 tí Ṣáínà fàyè gba ọmọ méjì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 ọmọ ni wọ́n bí níbẹ̀. Nígbà tó di 2022, ó ti di ọmọ mẹ́ta fún tọkọtaya tó bá fẹ́, síbẹ̀ iye tí wọ́n bí kò tó mílíọ̀nù 10, àwọn tó kú sì pọ̀ ju àwọn tí wọ́n bí lọ. Àwọn kan ní òfin ọmọ kan ṣoṣo ló fa ìdínkù yìí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ti ń rọ àwọn èèyàn, tó sì ń fúngun mọ́ wọn nígbà mìíràn, pé kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbéyàwó, kí wọ́n fàyè sáàárín ọmọ, kí wọ́n má sì bí púpọ̀. Iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí ní ìpíndọ́gba ju márùn-ún lọ lọ́dún 1970, àmọ́ kò tó mẹ́ta mọ́ ní 1979, kí òfin náà tó dé ní 1980. Thailand náà dín ọmọ bíbí kù láìṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn aláṣẹ ń yangàn pé àwọn dènà ìbí mílíọ̀nù 400, wọ́n ń gba ìyìn iṣẹ́ tí púpọ̀ rẹ̀ ti parí kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí òfin náà mú wá ní tirẹ̀ ni ipá, obìnrin ló sì ru ún. Lọ́dún 1983 nìkan, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kéèyàn bímọ mọ́ fún ohun tó lé ní mílíọ̀nù 20 èèyàn, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ti ọkùnrin ló rọrùn láti ṣe. Lẹ́yìn àkọ́bí, wọn a ki òrùka irin sínú ilé ọmọ ìyá, òrùka tí kò lókùn, kí ó má baà rí i yọ fúnra rẹ̀. Láti 1984, wọ́n dẹ òfin náà díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ará oko: ẹni tí àkọ́bí rẹ̀ bá jẹ́ obìnrin lè tún bí. Wọ́n pè é ní àánú, àmọ́ ó sọ ọ́ di òfin pé ọmọbìnrin kò tó ọmọ. Nígbà tó fi di 2004, nǹkan bí ọmọkùnrin 121 ni wọ́n ń bí sí ọmọbìnrin 100.

Àwọn kan lè ní àǹfààní wà nínú òfin náà: ọmọbìnrin ìlú ńlá tí kò ní arákùnrin ló jẹ gbogbo owó ilé ìwé tí òbí rẹ̀ ní. Òótọ́ ni. Irú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìjọba ń bẹ̀ báyìí pé kí wọ́n bímọ, wọ́n sì mọ iye tí ilé àti ilé ìwé ń náni, wọ́n mọ agbanisíṣẹ́ tí kì í fẹ́ aláboyún. Ìjọba tó ń bẹ̀ wọ́n náà kò tíì jẹ́ kí obìnrin tí kò lọ́kọ tọ́jú ẹyin rẹ̀ pa mọ́ sílé ìwòsàn. Obìnrin tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní Beijing pàdánù lọ́dún 2022, ó sì tún pàdánù nílé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 2024.