Ìlera ọpọlọ àwọn ọkùnrin tí ń kojú àìrọ́mọbí

Ìlera ọpọlọ àwọn ọkùnrin tí ń kojú àìrọ́mọbí jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera tí ó dá lórí bí àìrí ọmọ bí ṣe ń kan ọkàn, ìgbéyàwó àti ipò ọkùnrin láwùjọ, àti irú ìrànlọ́wọ́ tí ó lè rí gbà lọ́wọ́ ìyàwó, ẹbí, ọ̀rẹ́, àwọn elétò ìlera àti àwọn olórí ẹ̀sìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé túmọ̀ àìrọ́mọbí sí kí ọkùnrin àti obìnrin máa bá ara wọn lò pọ̀ déédéé fún oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìlo ohun tí ń dènà oyún, síbẹ̀ kí oyún má dúró. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí àjọ náà gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2023, nǹkan bí 17.5% àwọn àgbàlagbà lágbàáyé, ìyẹn nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́fà, ni ìṣòro yìí ń bá nígbà kan láyé wọn.

Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí kò rọ́mọ bí, ohun kan wà lára ọkọ tí ó dá kún un, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú ohun mìíràn lára ìyàwó. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, obìnrin ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń rántí láti tù nínú. Ọkùnrin a máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi níta, ṣùgbọ́n a kì í bi í léèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí.

Orúkọ àti èdè

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú èdè Yorùbá fún ẹni tí kò bímọ ni àgàn, obìnrin ni a sì sábà máa ń lò ó fún. Àdúrà ìgbéyàwó tí ó gbajúmọ̀ pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní fi èrò kan náà hàn: ìyàwó ni àdúrà náà dárúkọ, kò mẹ́nu ba ọkọ. Fún ọkùnrin, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni akúra àti òkóbó. Ẹni tí agbára ìbálòpọ̀ rẹ̀ ti kú ni akúra. Òkóbó sì lè jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tàbí ẹni tí a tẹ̀ lọ́dàá.

Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí ó ń bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀ láìsí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n tí àtọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí ń di ọmọ nínú, kò ní orúkọ tirẹ̀ tí ó gbajúmọ̀. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, àìlera ìbálòpọ̀ àti àìtó àtọ̀ jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ènìyàn lè ní ọ̀kan láìní èkejì. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀. Ọkùnrin tí ó bá fẹ́ sọ èsì àyẹ̀wò rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ lè máa bẹ̀rù pé akúra ni ọ̀rẹ́ náà yóò gbọ́. Èyí wà lára ohun tí ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọkùnrin dákẹ́.

Ohun tí ń fà á lára ọkùnrin

Kórópọ̀n ni ó ń ṣe sípáàmù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀ tí ń dà pọ̀ mọ́ ẹyin obìnrin láti di ọlẹ̀. Iṣẹ́ náà máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74. Àyẹ̀wò àtọ̀ ni a fi ń mọ bí sípáàmù ṣe pọ̀ tó, bí ó ṣe ń rìn àti bí ìrísí rẹ̀ ṣe rí. Nínú ìwé ìlànà àyẹ̀wò àtọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde nígbà kẹfà ní ọdún 2021, mílíọ̀nù 16 sípáàmù nínú mìlílítà kan ni ìwọ̀n ìsàlẹ̀ tí a fi ń ṣe ìfiwéra. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè bímọ. Ìwọ̀n náà kì í ṣe ìdájọ́. Nǹkan bí 1% gbogbo ọkùnrin ni kò ní sípáàmù rárá nínú àtọ̀ wọn.

Lára ohun tí ó lè fà á ni wíwú iṣan ẹ̀jẹ̀ inú àpò kórópọ̀n, àtọ̀sí tàbí àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn tí kò rí ìtọ́jú tí ó sì dí ọ̀nà àtọ̀, ṣègèdè tí ó mú ọkùnrin lẹ́yìn ìbàlágà, kórópọ̀n tí kò sọ̀ kalẹ̀ láti ìgbà èwe, àbùdá tí a bí mọ́ ènìyàn, oògùn àrùn jẹjẹrẹ, sìgá àti ọtí àmujù. Họ́mónù ọkùnrin tí àwọn kan ń gún lábẹ́rẹ́ láti fi mú iṣan ara wọn tóbi tàbí láti fi wá agbára máa ń dín ìpèsè sípáàmù kù, ó sì lè dá a dúró pátápátá fún ìgbà kan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ wá ọ̀nà àtidi bàbá lè máa dí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, àyẹ̀wò kì í rí ìdí kankan.

Ipa rẹ̀ lórí ọkàn

Àwọn ìmọ̀lára tí ó wọ́pọ̀ ni ìtìjú, ìbànújẹ́, ìbínú, ẹ̀rí-ọkàn tí ń dáni lẹ́bi nítorí ìyàwó, àti èrò pé ènìyàn kò pé. Ó lè di àníyàn tí kì í lọ, àìróorunsùn tàbí ìsoríkọ́. Ìbànújẹ́ yìí ní ìṣòro tirẹ̀: kò sí òkú, kò sí ìsìnkú, kò sì sí ọjọ́ tí àwọn ènìyàn yóò wá kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Oṣooṣù ni ìrètí ń dé tí ó sì ń lọ.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í sunkún níwájú ènìyàn. Ìbànújẹ́ wọn lè gba ojú iṣẹ́ àṣejù, ọtí, ìkanra tàbí yíyẹra fún àwùjọ jáde. Ẹni tí kì í wá síbi ìkómọjáde mọ́, tí kì í sì í dáhùn ìpè àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ti bímọ, lè jẹ́ ẹni tí ń sá fún ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìtọ́jú fúnra rẹ̀ tún lè dá kún un: fífúnni ní àtọ̀ fún àyẹ̀wò nínú yàrá ilé-ìwòsàn, ìbálòpọ̀ tí a fi kàlẹ́ńdà díwọ̀n, àti owó tí a ń ná láìmọ̀ bóyá yóò so èso. Nígbà mìíràn, ìpayà yìí a máa dá àìlera ìbálòpọ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin tí kò ní i tẹ́lẹ̀.

Ní àwùjọ Yorùbá

Ọmọ ni ó sábà máa ń fún àgbàlagbà ní orúkọ tí a fi ń pè é. Lẹ́yìn ìkómọjáde, ọkùnrin di Bàbá Lágbájá lẹ́nu aládùúgbò. Ẹni tí kò tí ì bímọ a máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀ lọ, tàbí kí a fi orúkọ ọmọ ẹbí tí ó ń tọ́ pè é. Nínú òfin ìbílẹ̀ nípa ogún, àwọn ọmọ ni ó ń pín dúkìá bàbá, yálà ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Bí kò bá sí ọmọ, ọmọ ìyá olóògbé ni dúkìá ń bọ́ sí lọ́wọ́. Àìbímọ nítorí náà kan orúkọ àti ilé tí ọkùnrin yóò fi sílẹ̀.

Ní ọdún 1997, Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìtumọ̀ àìrọ́mọbí láwùjọ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó fi hàn pé ìyà tí ó wúwo ń jẹ obìnrin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìdákẹ́jẹ́ ọkùnrin wà lára ohun tí ń fa ìyà bẹ́ẹ̀ gùn. Bí ọkọ bá kọ̀ láti lọ fún àyẹ̀wò, ìyàwó ni yóò máa gba abẹ́rẹ́, tí yóò máa mu àgbo, tí yóò sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹbí ọkọ. Ọkọ lè fẹ́ ìyàwó mìíràn kí ó tó hàn pé òun gan-an ni ó nílò ìtọ́jú. Ìyẹn ni fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àkókò tí ó ń ṣòfò kò sì ṣe é gbà padà, nítorí pé agbára ẹyin obìnrin ń dín kù bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i.

Ìrànlọ́wọ́

Láti ọ̀dọ̀ àwọn elétò ìlera: Ìlànà tí ó dára jù ni kí a yẹ ọkọ àti ìyàwó wò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí dókítà sì bá ọkọ sọ èsì àyẹ̀wò rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ní èdè tí ó yé e, pẹ̀lú àlàyé pé èsì náà kò sọ nǹkan kan nípa agbára ọkùnrin rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1990 lórí ìdọmọ àti ọlẹ̀ ènìyàn béèrè pé kí àwọn ilé ìtọ́jú fún àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ní àǹfààní ìgbaninímọ̀ràn kí irú àwọn ìtọ́jú kan tó bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn: Ní Amẹ́ríkà, Barbara Eck Menning dá ẹgbẹ́ RESOLVE sílẹ̀ ní ọdún 1974, níbi tí àwọn tí kò rọ́mọ bí ti ń pàdé láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àǹfààní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin ni pé ó máa ń rí ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, tí ó sì ṣì jẹ́ ọkùnrin lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ a máa rọrùn fún ọ̀pọ̀ wọn bí wọ́n bá jọ ń ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́, bí eré bọ́ọ̀lù tàbí ìrìn.

Láti ọ̀dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́: Ohun tí ó ń ṣèrànwọ́ jù ni gbígbọ́ láìdá ẹjọ́, pípa àṣírí mọ́, àti àìmáa béèrè ìròyìn oyún. Ọkọ tí ó bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni, kì í ṣe ti ìyàwó nìkan, ti gbé ẹrù ńlá kúrò lórí rẹ̀. Ó tọ́ kí tọkọtaya jọ pinnu ẹni tí yóò gbọ́ àti ìwọ̀n ohun tí yóò gbọ́.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn olórí ẹ̀sìn: Wòlíì, àlùfáà, ààfáà tàbí babaláwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ̀ lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí olórí ẹ̀sìn bá ń gbàdúrà tí ó sì ń rọ ọkọ láti lọ fún àyẹ̀wò, ìmọ̀ràn rẹ̀ lè ṣe ohun tí ẹ̀bẹ̀ ìyàwó kò lè ṣe.

Ìtọ́jú àti àwọn ìpinnu tí ó le

Ìbí Louise Brown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1978 fi hàn pé a lè da ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ lóde ara. Ní Nàìjíríà, Osato Giwa-Osagie àti Oladapo Ashiru ni wọ́n ṣáájú iṣẹ́ yìí nílùú Èkó ní àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 1992, Gianpiero Palermo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels kéde ọ̀nà tí a fi ń gún sípáàmù ẹyọ kan sínú ẹyin. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí sípáàmù wọn kéré gan-an ti ń di bàbá ọmọ tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn.

Fún ẹni tí a kò rí sípáàmù kankan lára rẹ̀, ohun tí ó kù ni àtọ̀ tí ẹlòmíràn fi tọrẹ, ìgbàtọ́ tàbí ìgbé ayé láìlọ́mọ. Àtọ̀ ìtọrẹ a máa dá ìjà sílẹ̀ nínú ọkàn, nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò pe ọmọ náà ní ọmọ àlè. Ìjọ Kátólíìkì kò fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ti Súńnì náà kò sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà, àwọn agbaninímọ̀ràn kì í gbà kí ọkọ yára buwọ́ lù ú nítorí ìtìjú tàbí láti fi tẹ́ ìyàwó lọ́rùn. Ó yẹ kí ó ti kọ́kọ́ rí àyè kẹ́dùn ọmọ tí kò lè bí.

Àwọn àmì ewu

Ó yẹ kí a wá ìtọ́jú kíákíá fún ẹni tí kò rí adùn nínú ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò lè sùn tàbí jẹun, tí ó ń fi ọtí tàbí oògùn pa ìrònú rẹ́, tí ó ń lu ìyàwó rẹ̀, tàbí tí ó ń sọ pé ikú sàn fún òun. A kò gbọdọ̀ fi ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ ikú sílẹ̀ lóun nìkan. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ìjọba wà ní Aró ní Abẹ́òkúta àti ní Yábàá nílùú Èkó. Ètò SURPIN tí ń dènà gbígba ẹ̀mí ara ẹni sì wà ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà.

Nínú lítíréṣọ̀

Ìwé ìtàn àròsọ méjì láti ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé ọmọ Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú The Secret Lives of Baba Segi's Wives (2010) ti Lola Shoneyin, tí ó wáyé ní Ìbàdàn, ọkọ kan mú ìyàwó rẹ̀ kẹrin lọ sí ilé-ìwòsàn nítorí pé kò lóyún; àyẹ̀wò fi hàn pé òun ni kò lè bímọ, àwọn ọmọ tí ó ń pè ní tirẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú Stay with Me (2017) ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wáyé ní Iléṣà, àìlera ìbálòpọ̀ ni Akin fi pamọ́ fún Yejide, ìyàwó rẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí ó máa wá oyún kiri. Ọkọ àkọ́kọ́ kì í ṣe akúra, èkejì sì ni. Àṣírí ni ó ba ilé àwọn méjèèjì jẹ́.