Ọkọ̀ Pẹ́ ní Jẹ́bà, Ọjà Bọ́ Lọ́wọ́ Oníṣòwò Dùgbẹ̀!

Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ gbọ́ ohun tó fà á tí ọkọ̀ rélùwéè àtijọ́ fi máa ń pẹ́. Lọ́dún 1901 ló dé Ìbàdàn, ó dé Kánò lọ́dún 1912. Ojú irin kan ṣoṣo ni àlọ àti àbọ̀ jọ ń gbà. Wọn ò lè ya ara wọn àfi ní téṣàn tí irin ti pín sí méjì; èyí tó bá kọ́kọ́ dé á dúró de èkejì.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí ọkọ̀ Kánò bá fi wákàtí méjì pẹ́ ní Jẹ́bà, èyí tó ń lọ sókè á dúró dè é ní Ìlọrin. Bó bá fi máa sọ̀ dé apá ọ̀dọ̀ wa, òmíràn ti ń retí rẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ìyá tó fẹ́ gbẹ́rù lọ sí Ọ̀ṣogbo, tí kò dé Jẹ́bà rí, ọjà ti tú kó tó débẹ̀. Ọ̀gá téṣàn tó ń bú kò mọwọ́mẹsẹ̀!

Ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lóṣù kẹfà ọdún 2021, ojú irin méjì ni. Ṣùgbọ́n Mọ́níyà ló parí sí. Láti Ìbàdàn dé Jẹ́bà, ẹyọ kan àtijọ́ náà ló ṣì wà. Ta ni yóò bá wa fi èkejì kún un?