Yíyọ Àwòrán Adúrójẹ́ẹ́ láti inú Fídíò àti Fífún Un Pọ̀

Nínú ìwé ìkọ́ni-ní-mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, àwòrán ni ó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Bí ẹni tí ń ṣètò ìwé kíkà Yorùbá-Nàgó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) bá ń wá àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àjogúnbá pàtàkì fún gbogbo ẹ̀dá, ó lè jẹ́ fídíò nìkan ni yóò rí. Ó di dandan nígbà náà láti yọ àwòrán kan jáde nínú rẹ̀, kí a sì fún un pọ̀ kí ó má baà gba àyè jù.

Àwòrán adúrójẹ́ẹ́ tí ó tò tẹ̀lé ara wọn ni fídíò. Ní ìlànà tẹlifíṣọ̀n tí ó gbilẹ̀ ní Faransé àti ní Benin, àwòrán 25 ni ó wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú kan péré jẹ́ 1500. Bí àwòrán kan bá ní àmì aláwọ̀ 720 ní ìbú àti 576 ní òró, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 414 720. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó ń sọ àwọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, àwòrán kan tí a kò fún pọ̀ gba báìtì 1 244 160.

Nínú fídíò àtijọ́, ìlà ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a kọ́kọ́ máa ń gbà, kí a tó gba àwọn tí ó wà láàárín wọn. Bí agbégbòójú bá ń jó kíkankíkan, etí àwòrán rẹ̀ yóò rí bí eyín òòyà. Kí a tún èyí ṣe kí a tó fún àwòrán pọ̀.

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ fún fífún un pọ̀. PNG dà bí ẹni tí ó ká aṣọ sínú àpótí: bí a bá tú u, odindi ni. JPEG, tí ìlànà rẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní ọdún 1992, dà bí ẹni tí ó rẹ́ etí aṣọ dànù kí ó tó ká a. Ó ń pín àwòrán sí ilé kéékèèké, 8 lọ́nà 8, ó sì ń ju ohun tíńtín tí ojú kì í tètè rí nù. Èyí tí ó bá jù nù kì í padà mọ́. Bí a bá sì ń ṣí i tí a ń tún un fi pamọ́ léraléra, àbùkù lè máa pọ̀ sí i.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí fún onímọ̀ èdè. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ ohun tíńtín. Bí wọ́n bá ṣe bàìbàì, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko lè di ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Àwọn lẹ́tà ɛ àti ɔ ti álífábẹ́ẹ̀tì Benin pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí nígbà tí àmì ohùn bá wà lórí wọn. Nítorí náà, PNG ni ó yẹ àwòrán tí ó ní àkọlé nínú. JPEG tó fún ojú agbo eré.

FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Fún JPEG, òṣùwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 2 àti 31: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni àwòrán ń dára tó, tí fáìlì sì ń tóbi. Ṣùgbọ́n kí fídíò gan-an wà nípamọ́, nítorí òun nìkan ni a lè padà sí.