Òṣìṣẹ́ Rélùwéè tí ó Fara Pa àti Agbẹjọ́rò Rẹ̀

Láti ìgbà tí a ti la ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1896 tí ọkọ̀ sì dé Ìbàdàn ní 1901, ni ìró ọkọ̀ rélùwéè ti di ohun tí etí àwọn ará Àgbàdo mọ̀ dáradára. Lónìí, ojú irin tí ó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ní 2021 ni ojú irin fífẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn. Ní oṣù kẹwàá 2024 sì ni ọkọ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó tí a ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í ná Oyìngbò sí Àgbàdo. Àwọn awakọ̀, àwọn tí ń so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀, àwọn tí ń tún irin ṣe àti àwọn tí ń ṣọ́ ibi tí títì gbé dábùú irin, gbogbo wọn ni ń bá ohun tí ó wúwo ju ara ènìyàn lọ ṣiṣẹ́. Bí irin bá já lé ọ̀kan nínú wọn lẹ́sẹ̀, kí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀?

Òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1941 ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa ní Nàìjíríà. Èyí tí a ń lò nísinsìnyí ni òfin 2010. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san náírà kan nínú 100 gbogbo owó iṣẹ́ tí ó ń san sínú àpò tí Àjọ NSITF ń tọ́jú, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Ẹni tí ó fara pa kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá òun ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá títí ayé, iye tí yóò máa gbà lóṣooṣù jẹ́ 90 nínú 100 owó iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá rọrùn tó báyìí, kí ni a ń fi agbẹjọ́rò ṣe? Ọjọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún alábòójútó iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, kí ó sọ ibi, àkókò àti bí ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀. Agbanisíṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó àjọ létí láàárín ọjọ́ 7. Ọdún kan ni a fún òṣìṣẹ́ láti kọ ìwé béèrè owó rẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí ibùsùn ọsibítù kì í ka ọjọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ pàápàá, ìwòsàn ni wọ́n ń bá kiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù lọ ni ti òṣìṣẹ́ àgbàṣe. A ó fún un ní owó oògùn díẹ̀, a ó ní kí ó fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní béèrè ohunkóhun mọ́, òun náà yóò sì fọwọ́ sí i nítorí ó rò pé ẹni tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin 2010 ka ẹni tí a gbà fún ìgbà díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ àti aláàbọ̀ iṣẹ́ sí òṣìṣẹ́. Àdéhùn tí ó bá sì mú òṣìṣẹ́ yọwọ́ nínú owó gbà-má-bínú rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Agbẹjọ́rò tí ó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò mọ ohun tí yóò fi í ṣe.

Bí àjọ bá kọ̀ láti san, tàbí tí dókítà bá kọ ìpalára náà ní kékeré ju bí ó ti rí lọ, ó di ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ tí Ìjọba Àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ni ó ń gbọ́ ọ, ó sì ní ẹ̀ka ní Èkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe Àjọ Rélùwéè fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ ní láti ṣọ́ra gidigidi. Òfin 1955 tí a fi dá àjọ náà sílẹ̀ fi gbèdéke sí àkókò ẹjọ́, ó sì ń béèrè pé kí ìwé ìkìlọ̀ ṣáájú. Ẹni tí kò mọ èyí lè pàdánù ẹjọ́ rẹ̀ kí ẹlẹ́rìí kankan tó la ẹnu.

Ní Amẹ́ríkà, òfin 1908 béèrè pé kí òṣìṣẹ́ rélùwéè fi hàn pé àìbìkítà ilé-iṣẹ́ ni ó fa ìpalára, nítorí náà agbẹjọ́rò ni wọ́n ń tètè wá lọ́hùn-ún. Ní 1964, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀ fi ọwọ́ sí i pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè lè tọ́ka agbẹjọ́rò tí ó gbówọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Kò sí ohun tí ó ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó agbẹjọ́rò, ọ̀fẹ́ ni ti Ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Ará Ìlú tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ fún àwọn tí kò lówó. Ṣùgbọ́n Àgbàdo wà lẹ́nu ààlà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó sì ń sùn ní ìhà Ògùn. Irú wọn lè lọ sí Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti Ìjọba Àpapọ̀, tí ó wà láti 1976, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Kí ẹni tí ń lọ mú ìwé ọsibítù, ẹ̀dà ìwé tí ó fi sọ fún alábòójútó, àti ẹ̀rí owó iṣẹ́ tí ó gbà gbẹ̀yìn dání. Bí kò bá ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kí ó mú orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà lójú irin ní ọjọ́ náà, nítorí òfin ka àdéhùn ẹnu sí àdéhùn.