Ìbẹ̀rẹ̀ Ayò

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn bá ti kúrò nídìí òfì, tí àwọn àgbẹ̀ Ṣakí sì ti ti oko dé, ẹ ó rí àwọn tí ń ta ayò lábẹ́ igi. Eré yìí kan náà ni a fi ń díje níbi Àjọ̀dún Eré Ìdárayá ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Bí ayò ti ń parí ni àwọn òǹwòran ń wò. Bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin máa wò.

Ẹ kúkú mọ òfin rẹ̀: ilé mẹ́fà níwájú olúkúlùkù, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo rẹ̀. Apá ọ̀tún ni a ń ta á sí, kí a tó yípo sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí ọmọ tí a jù sílẹ̀ kẹ́yìn bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ wọ́n. Nígbà tí gbogbo ilé ṣì ní mẹ́rin mẹ́rin, kò sí ohun tí a lè jẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀pẹ̀ fi ń rò pé ibi tí ó bá wu òun ni òun lè ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ka ilé kálukú láti ọwọ́ òsì tirẹ̀. Ọ̀ta bẹ̀rẹ̀ láti ilé kẹfà. Ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sí ilé mẹ́rin àkọ́kọ́ ti ọ̀pẹ̀. Ọ̀pẹ̀ kó márùn-ún inú ilé kejì rẹ̀ ta, ibẹ̀ sì ṣófo. Ọ̀ta kò kánjú. Ó ta mẹ́rin inú ilé karùn-ún rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo sì bọ́ sínú ilé tí ó ṣófo náà. Kò ì tíì jẹ nǹkan, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni ó wà nínú ilé kẹrin rẹ̀, mẹ́rin náà yóò sì dé orí ọmọ kan yẹn gẹ́lẹ́.

Ọ̀pẹ̀ rí ewu yìí (kì í ṣe gbogbo ọ̀pẹ̀ ni ó ń rí i). Ó ta márùn-ún inú ilé kẹfà rẹ̀, kí ilé kẹrin ọ̀ta lè di márùn-ún, kí ó sì ta kọjá. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò kà á tán: ilé kẹta ọ̀ta náà ti di márùn-ún, márùn-ún láti ibẹ̀ sì dé ibi kan náà. Ọ̀ta ta á, ó jẹ méjì.

Méjì kò pọ̀, ṣùgbọ́n 25 ti tó láti borí. Ní 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Amsterdam, Romein àti Bal, fi kọ̀ǹpútà yanjú Awari, ìbátan ayò wa. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe rárá, ọ̀mì ni yóò jẹ́.

Ẹ gbé ọpọ́n kalẹ̀ kí ẹ dán ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ọ̀pẹ̀ ní wò. Bí ó bá ta ọmọ kan ṣoṣo náà sínú ilé kẹta rẹ̀ nìkan ni ọ̀ta kò fi ní jẹ nǹkan.