Àtọ̀gbẹ, Ẹ̀jẹ̀ Dídì àti Òróró Inú Ọbẹ̀ Wa

Ní Ṣáṣá àti káàkiri Alimọ́ṣọ́, bí alátọ̀gbẹ bá wà nínú ilé, ṣúgà àti ẹ̀bà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣọ́. Òróró ńkọ́?

Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, àwọn èròjà tíntìnrín inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní platelet ló ń so pọ̀ láti dí ojú ọgbẹ́ náà. Àánú Allāh ni. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ náà á sì máa bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè wá dì níbi tí kò sí ọgbẹ́. Bó bá dí iṣan ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni; bó bá dí ti ọkàn, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì.

Nǹkan bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì, èyí tó ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú pọ̀, tó sì ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ há. Ti òróró àgbọn ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ. Ti òróró ẹ̀pà àti ti sóyà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ẹ ka ara ike kí ẹ tó rà á o: bí wọ́n bá kọ "palm olein" sí i, ọmọ ìyá epo pupa ni, bó tilẹ̀ mọ́ lójú.

Èyí tó dára pàápàá, ẹ má ṣe dà á jù. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan òróró, irú yòówù kó jẹ́, ní nǹkan bí 120 kálórì. Èyí tí a ti fi dín àkàrà títí tó fi dúdú, ẹ dà á nù.

Habbatus-sauda ńkọ́? Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Allāh máa bá a, yìn ín. Ṣùgbọ́n òróró rẹ̀ lè mú ṣúgà wálẹ̀, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, aspirin tàbí warfarin gbọ́dọ̀ gbé ìgò náà lọ han dókítà kó tó máa mu ún. Kò sí òróró tó lè rọ́pò oògùn.

Bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá rẹ̀ rọ tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má dúró wo òun bọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Kí Allāh fún wa ní àlàáfíà.