Ìpele koríko òkú lórí gíríìnì pápá gọ́ọ̀fù

Ìpele koríko òkú ni àkójọpọ̀ igi koríko, ìtàkùn àti gbòǹgbò, òkú àti ààyè, tí ó máa ń dì sí àárín ewé tútù àti ojú ilẹ̀. Ó máa ń wà lórí pápá koríko gbogbo, ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù lórí gíríìnì, ìyẹn ojú koríko tí a gé mọ́lẹ̀ tí ó yí ihò pápá gọ́ọ̀fù ká. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é náà ni wọ́n ń pe koríko tí a fi ń bo òrùlé, bí bẹẹrẹ. Àfiwé náà bá a mu, nítorí bí ìpele náà bá gbẹ tán, omi a máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀ bí òjò ti ń ṣàn lórí òrùlé.

Ohun tí ó ń fà á

Ìpele yìí máa ń nípọn nígbà tí koríko bá ń hù kíákíá ju bí àwọn ohun abẹ̀mí àìfojúrí inú ilẹ̀ ti lè mú un jẹrà lọ. Ajílẹ̀ náítírójìn àpọ̀jù àti ilẹ̀ tí ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀ wà lára ohun tí ó ń fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewé tí ẹ̀rọ gé sílẹ̀ ni ó ń dì, ṣùgbọ́n ewé a máa tètè jẹrà. Igi àti gbòǹgbò, tí èròjà lígínì pọ̀ nínú wọn, ni ó máa ń pẹ́ nílẹ̀.

Ní Nàìjíríà

Tẹ́lẹ̀ rí, iyanrìn tí a pò mọ́ ọ́ìlì ni ó wà ní ìdí ihò lórí ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn agbá-gọ́ọ̀fù ń pè ní brown. Kò sí koríko níbẹ̀ tí yóò dì. Níbi tí koríko bá ti rọ́pò iyanrìn ni ìtọ́jú yìí ti di dandan. Koríko Bàhámà, Cynodon dactylon, àti àwọn àdàmọ̀dì rẹ̀ bíi Tifgreen (1956) àti Tifdwarf (1965) bá ilẹ̀ olóoru mu, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń rákò lórí ilẹ̀, ìpele wọn sì máa ń tètè nípọn.

Ewu rẹ̀

Gíríìnì tí ìpele rẹ̀ nípọn a máa rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ẹsẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ wọlé, bọ́ọ̀lù kì í yí geere, ẹ̀rọ a sì máa rì, kí ó gé koríko kanlẹ̀. Gbòǹgbò kì í wọlẹ̀ jìn mọ́, àìsàn àti kòkòrò a sì rí ibi fara pamọ́ sí.

Ìkápá rẹ̀

Olùtọ́jú pápá lè fi ọ̀bẹ gé ilẹ̀ díẹ̀ láti wo bí ìpele náà ti nípọn tó. Ọ̀nà mẹ́ta ni a sábà máa ń pa pọ̀:
- fífi ẹ̀rọ onírin oníhò yọ ilẹ̀ jáde kí afẹ́fẹ́ lè wọlé;
- fífi ẹ̀rọ alábẹ òòró la koríko;
- fífọ́n iyanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lóòrèkóòrè, kí ó lè dàpọ̀ mọ́ ìpele náà.

Dídín ajílẹ̀ náítírójìn kù ṣe pàtàkì bákan náà, nítorí ẹ̀rọ kò lè ṣẹ́gun ohun tí ajílẹ̀ ń bọ́.

Àsìkò iṣẹ́ náà

Ìgbà tí koríko bá ń hù dáadáa ni a ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ọgbẹ́ rẹ̀ lè tètè jinná. Ní agbègbè Ọ̀fà, níbi tí òjò ti sábà máa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó dára jù. Ìgbà ọyẹ́ kò dára rárá. Ojú gíríìnì kì í dán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ náà, àwọn agbá-gọ́ọ̀fù a sì máa ráhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sún un síwájú lọ́dọọdún nítorí ìráhùn wọn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè di títún gbogbo gíríìnì náà gbìn.